Ilẹ̀kùn Tí Mo Ní Kí Ẹ Tì

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ kú àìsinmi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Houston níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò rí mi. Mo kí Bàbá lórí ibùsùn wọn. Mo kí Bùnmi àbúrò mi, mo sì kí Bàbá Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn dojú kọ ilé wa. Ara mi le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ sọ̀rọ̀ sí ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Inú ọkọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, lórí fíríwéè, òpópónà ńlá wọn, bí mo ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ wa ní Baytown, níbi tí a ti ń fọ epo rọ̀bì. Nígbà tí mo dé iwájú apátímẹ́ńtì mi ní Mission Bend, n ò lè sọ̀ kalẹ̀. Mo jókòó sínú ooru títí aṣọ fi lẹ̀ mọ́ mi lára. Àbámọ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí àwọn ọmọ Yorùbá yòókù tó wà lókè òkun kà á nínú ìwé ìròyìn, nítorí kì í ṣe èmi nìkan ló ń jókòó sí òkèèrè pàṣẹ fún ilé.

Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́ pé Bàbá ti ń gbàgbé nǹkan, pé wọ́n á dìde, wọ́n á jáde, wọn ò sì ní mọ ọ̀nà ilé mọ́, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi. Ẹ mọ̀ mí, láti kékeré ni mo ti ń tú rédíò ilé palẹ̀. Ẹ nà mí nítorí rẹ̀ nígbà kan, Bàbá ló gbà mí sílẹ̀. Níbi iṣẹ́ wa, a ní ohun kékeré kan, kò tó èékánná, tó máa ń mọ̀ bí irin òòfà bá wà nítòsí rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pè é. Mo ra ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, mo fi òjé lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó pẹlẹbẹ kan, mo so bátìrì àti aago kékeré mọ́ ọn. Òòfà á wà lára ilẹ̀kùn, pátákó á wà lára férémù. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, tí òòfà jìnnà, aago á ké bí ìrẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo fi ń ṣe é lórí tábìlì ìdáná. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ké, èmi nìkan bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú yàrá. N ò rí ẹni tí mo lè fi hàn.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èmi ò wo ilé. Ilẹ̀kùn tèmi ni mo fi dán an wò, èyí tó máa ń wà ní títì tọ̀sán-tòru nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Ibi tí mò ń gbé yìí, n ò mọ orúkọ ẹni tí ògiri pa wá pọ̀. Mo ti gbàgbé pé ilẹ̀kùn iwájú ilé wa, tí Bàbá fúnra wọn kàn nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe káfíńtà, bí ẹ bá ti ṣí i láàárọ̀, ó di alẹ́ kí ẹ tó tì í. Kọ́tìnì nìkan ló máa ń wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo fi í ránṣẹ́ sílé, Bùnmi kàn án mọ́ ilẹ̀kùn náà, ó sì ké láti àárọ̀ di alẹ́. Ó lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ó fi fóònù pè mí, ó ní ṣé kí òun yọ bátìrì. Mo bínú. Mo ní kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí la ń kan ilẹ̀kùn fún? Ẹ rò pé ọmọ yín tó wà ní Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n, ẹ sì tì í. Ẹ sọ nínú kásẹ́ẹ̀tì pé àwọn aládùúgbò wá ń béèrè ẹni tó kú. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀rín yín.

Ohun tí n ò mọ̀ ni pé ilẹ̀kùn ṣíṣí yẹn gan-an ló ń bá wa ṣọ́ Bàbá. Bí wọ́n bá ti yọ ẹsẹ̀ síta, Bàbá Télọ̀ á ti rí wọn láti ìdí máṣíìnì. Wọ́n á ní kí Bàbá wá bá àwọn wo aṣọ kan, àwọn méjèèjì á máa tàkúrọ̀sọ títí ẹ ó fi wá mú wọn. Nígbà tí ẹ wá tì í, Bàbá gba ilé ìdáná bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹnikẹ́ni ò rí wọn. Aago mi ò ké. Ilẹ̀kùn tí wọn ò gbà ló ń ṣọ́. Òjò pa wọ́n títí ilẹ̀ fi mọ́, kí àwọn èèyàn tó rí wọn nínú gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ọkọ̀ Èkó, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ti kán.

Ẹ ní kí n má dá ara mi lẹ́bi, pé ìfẹ́ ni mo fi ṣe é. Ó dùn mí, Ìyá mi, ó dùn mí wọra. Bàbá Télọ̀ ní kí ẹ sọ fún mi pé àwọn kì í lo bátìrì. Mo rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí Bùnmi yọ aago náà dànù. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Mo fi owó ránṣẹ́ fún ìtọ́jú ẹsẹ̀ Bàbá, ṣùgbọ́n owó ò lè bá wọn jókòó. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé mo fẹ́ lọ sílé. Ó ní owó epo rọ̀bì ti wálẹ̀, wọ́n ń dá èèyàn dúró, bí mo bá lọ, òun ò lè ṣèlérí pé n ó bá iṣẹ́ mi níbẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Mo ń bọ̀.

Ohun tó wà ní ìparí kásẹ́ẹ̀tì ló fà á. Ẹ ti parí ọ̀rọ̀ yín, Bùnmi gbàgbé, kò pa ẹ̀rọ tó ń gba ohùn yín sílẹ̀. Mo gbọ́ tí Bàbá ń béèrè láti orí ibùsùn pé ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ní Délé ni. Wọ́n ní kí ẹ má ti ilẹ̀kùn o, pé Délé jáde láàárọ̀, pé àwọn ti lọ wò ó ní gáréèjì, kò tíì dé.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, á sì fi Bàbá sílẹ̀ kí n bá wọn. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti gbogbo ẹni tó ń yọjú wo Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé mo wà lọ́nà.

Èmi ni ọmọ yín tó jáde láàárọ̀,
Délé.