Ariwo Inú Òrùka Irin

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta

Mo gbá Afínjú létí lónìí. Níwájú ènìyàn mẹ́rìnlá. Àtẹ́lẹwọ́ mi ṣì ń ta mí bí mo ṣe ń kọ èyí, inú mi sì dùn. Kí n má purọ́ fún ìwé ara mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Òrùka irin wa — páìpù gígùn tó yí po nínú ihò abẹ́ ilẹ̀, tí àwọn èérún tí ojú kò lè rí ń sáré yí ká nínú rẹ̀ — kò ṣe dáadáa láti bí oṣù kan. Ìtànṣán èérún yẹn yẹ kó tọ́ bí okùn tí wọ́n fà le. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìwọ̀n mi ní ó ń gbọ̀n. Ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò lé, kò dín. Bí iná ìlú ṣe ń lù nìyẹn, nítorí náà ariwo iná ni. Èmi ni mo ń wọn ariwo. Afínjú ló ni àwọn ẹ̀rọ tó ń fún àwọn òòfà tó ń darí ìtànṣán níná (a ń pe ọkùnrin náà bẹ́ẹ̀ torí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n kankan). Mo ní ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń da ìtànṣán láàmú. Ó ní ìtànṣán kò gbọ̀n rárá, pé inú wáyà ìwọ̀n mi ni ariwo wà, pé etí ara mi ló ń hó tí mo ń sọ pé òjò ń rọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní òpùrọ́ ni. Ó ní, "Ìyàwó Olómi, lọ bá ọkọ ẹ fọ páìpù."

Báírò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lápò rẹ̀ ló fò jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ pè mí. Ọ̀gá yìí kì í pariwo. Bó bá máa lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, á kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ìyá onítọ̀hún. Ó béèrè àlàáfíà ìyá mi. Lẹ́yìn náà ó ní òun fún mi títí di ìpàdé ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí n fi hàn pé ẹ̀rọ Afínjú ló ni ariwo. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ènìyàn mẹ́rìnlá yẹn, kí n sì gba ìwé gbélé-ẹ.

Èmi? Kí n bẹ Afínjú? Màá kọ́kọ́ jẹ wáyà.

Ọjọ́bọ̀, 7

Olómi ti gbọ́. Ọkọ mi nìyẹn, olórí àwọn tó ń tọ́jú pọ́ọ̀ǹpù tó ń fi omi tu àwọn òòfà lára. Olómi ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n tèmi ló ni orúkọ. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Kò bá mi wí. Ó kàn lọ dúró de Afínjú níbi ìgbọ́kọ̀sí, ó di ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú, ó gbé e lu ara mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì, ó ní: "Bó o bá tún fi ìyàwó mi ṣe yẹ̀yẹ́, ìwọ ni màá fi dí páìpù." Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ròyìn fún mi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó délé mo bi í. Ó ní ṣe lòun kí i. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún. Ariwo ṣì wà. Wọ́n pààrọ̀ méjì nínú ẹ̀rọ Afínjú, kò dín. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 11

Wọ́n dá ìtànṣán dúró lówùúrọ̀ kí a lè wọ ihò. Mo tan ẹ̀rọ ìwọ̀n mi. Kò sí èérún kan ṣoṣo nínú páìpù. Ariwo ṣì wà lójú dígí, ó ń jó — àádọ́ta, àádọ́ta.

A jẹ́ pé inú wáyà mi ló wà. Afínjú ló jàre.

Mo ju sípánà lu ògiri. Mo ta àga nípàá, àga ṣẹ́, ẹsẹ̀ mi wú. Mo bú ìyá ẹni tó kọ́kọ́ mú iná mànàmáná wáyé. Lẹ́yìn náà mo kúnlẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, mo ń tọpa wáyà. Pọ́ọ̀ǹpù kẹfà ni. Ara irin rẹ̀ àti ẹ̀rọ mi jọ so mọ́ ọ̀pá bàbà kan náà tó wọnú ilẹ̀, kí iná tó bá ṣìnà lè bá ibẹ̀ lọ dípò kó gba ara ènìyàn kọjá. Iná díẹ̀ tó ń jò lára pọ́ọ̀ǹpù ló ń gba ọ̀pá yẹn wọ wáyà mi. Mo tú wáyà ilẹ̀ pọ́ọ̀ǹpù náà. Nọ́ọ̀tì kan péré. Ariwo dákẹ́ lójú dígí. Ilà kan gbọọrọ.

Gbogbo oníná ló mọ̀ pé a kì í tú wáyà ilẹ̀. Gbogbo àwa tí à ń wọn ariwo la sì ń tú u, fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ká fi dán nǹkan wò, ká tó dè é padà.

N kò dè é padà. Mo fi téèpù wé etí rẹ̀, mo tì í sẹ́yìn pọ́ọ̀ǹpù. Bí mo bá dè é, ariwo á padà, èmi á sì lọ bẹ Afínjú. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Olómi máa ń tọ́jú pọ́ọ̀ǹpù kẹfà. Ọjọ́ Ẹtì ni ìpàdé. Lẹ́yìn ìpàdé màá dè é, màá sì wá ọ̀nà gidi sí ariwo náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Ìtànṣán padà, ó tọ́ ganran. Mo sọ fún Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ pé Afínjú ti yọ́ kẹ́lẹ́ tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìgbátí mi. Ó gbà mí gbọ́. Afínjú já wọ yàrá mi, ojú rẹ̀ pọ́n: "Irọ́ lò ń pa. O ti ṣe nǹkan kan nínú ihò yẹn, màá sì rí i." Mo na sukudiráfà sí i lọ́fun. Mo ní kó jáde kí n tó fi gún un. Ó fẹ̀yìn rìn jáde.

Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Màmá mi ló máa ń sọ ọ́ sí mi láti kékeré. Mo sì ń gbọ́, mo sì ń bínú lọ.

Ọjọ́rú, 13

Wọ́n ṣí ihò fún wákàtí kan. Mo ní kí n lọ dè é. N kò lọ.

Ọjọ́bọ̀, 14

N kò lè kọ ọ́ lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Màá kọ ọ́.

Pọ́ọ̀ǹpù kẹfà bẹ̀rẹ̀ sí í jò lánàá. Wọ́n dá ìtànṣán dúró, Olómi wọlé pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Omi ti bo ilẹ̀, bàtà rẹ̀ rin. Ó gbé sípánà lé ara irin pọ́ọ̀ǹpù. Láti yàrá mi ni mo ti gbọ́ igbe. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ irin, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ohùn ò jáde. Ẹnì kan pa iná. Ó ṣubú sínú omi. Òórùn ẹran tó jó. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ láyà títí egungun ìhà rẹ̀ fi kán, ó mí.

Afínjú sáré dé. Ọ̀kan nínú àwọn olómi ti rí ẹ̀yìn pọ́ọ̀ǹpù: "Wọ́n ti tú wáyà ilẹ̀! Òun ni! Ìjà ọjọ́ yẹn ló ń gbẹ̀san!" Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ara Afínjú. Kì í ṣe wọn. Èmi. Mo fi orí kàn án nímú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ya bo ojú mi. Ó ṣubú, wọ́n bò ó. Bàtà onírin. Sípánà. Ẹnì kan fi páìpù gbá a lẹ́nu. Eyín rẹ̀ kan bọ́, mo rí i nísàlẹ̀ omi. Ìgbà yẹn ni mo rántí ẹni tó wé téèpù mọ́ wáyà náà.

Mo mọ̀. Mo dákẹ́. Wọ́n tún lù ú fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí i. Ó ń na ọwọ́ sí mi: "Ẹ gbà mí, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà." Afínjú tí kò fi ẹ̀yin pè mí rí.

Mo dákẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

Wọ́n gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún Olómi ní ilé ìwòsàn. Yóò yè é. Oorun ló ń sùn. Afínjú wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà: egungun àgbọ̀n kíkán, ojú òsì ti fọ́. Ọlọ́pàá méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Òun ni wọ́n ń ṣọ́, bí ọ̀daràn. Èmi ni wọ́n ń fún lómi mu, tí wọ́n ń pè ní akíkanjú obìnrin.

Ọjọ́ Àìkú, 17

Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà Afínjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Mo sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé mo fẹ́ wo ojú ẹni tó fẹ́ sọ mí di opó. Wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní èmi ni mo tú u.

Wọ́n ti fi wáyà di àgbọ̀n rẹ̀ pa, àárín eyín tó kù ló ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo rí i ní Ọjọ́rú. Mo tiẹ̀ yà á ní fọ́tò." Mo bi í pé kí ló dé tí kò dè é. Ó ní òun fẹ́ fi han gbogbo wọn níbi ìpàdé; bí òun bá ti dè é, ta ni yóò gba òun gbọ́? Kò mọ̀ pé Olómi á wọlé kí Ẹtì tó pé. Kò tíì fi fọ́tò náà han ọlọ́pàá, torí á jẹ́rìí pé òun náà mọ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ kan tó kù.

Ohun ìtìjú tó wà níbẹ̀ nìyí: ara tù mí. Ó tù mí débi pé ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Àwa méjèèjì la jọ ṣe é. Mo ti rí ohun tí màá sọ fún Olómi.

Ọjọ́rú, 20

Wọ́n fún mi ní ìdajì wákàtí kí n fi kó aṣọ. Mo ń fi kọ èyí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Olómi láàárọ̀ yìí. Mo kọ́kọ́ sọ tèmi, mo sì yára so ti Afínjú mọ́ ọn, kí tèmi lè fúyẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n wé wà lórí ìrọ̀rí. Kò bú mi. Kò sọ nǹkan kan nípa ìka. Ó ní, "Ìyá ọmọ mi, nígbà tí wọ́n ń lu bọ̀bọ́ yẹn, ṣé o ti rántí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ìgbà wo?"

Mo ní nígbà tí eyín rẹ̀ àkọ́kọ́ bọ́.

Ó pa ojú dé. Mo rò pé ó ti sùn. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ òsì wá aago, ó tẹ̀ ẹ́, nọ́ọ̀sì wọlé. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe àwọn ọlọ́pàá tó wà lọ́hùn-ún yẹn. Ìyàwó mi fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀."