Etíkun Tí Ẹ Kò Dé

Mọ́mì mi, ẹni tí mo fẹ́ràn jù láyé,

Mo ti dé etíkun yẹn. Kí n má parọ́, mi ò fẹsẹ̀ kan iyanrìn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fojú ara mi rí i. Èmi àti Dàpọ̀ la jọ lọ. Mo mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá wà láyé, ẹ ó ti máa bi mí pé báwo ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣe jọ wọ bàlúù kan náà láìjà. A ò jà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ burú ju ìjà lọ.

Ẹ rántí fọ́tò náà. Ìyá òyìnbó tí ẹ ń tọ́jú ní Shooters Hill, nílùú ọba níbí, ló ni ín. Nígbà tí kò mọ orúkọ ọmọ ara rẹ̀ mọ́, ó ṣì ń nàka sí fọ́tò yẹn lára ògiri, pé ibẹ̀ ni òun àti ọkọ òun ti lúwẹ̀ẹ́ nígbà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Erékùṣù kan ní ilẹ̀ Gíríìsì ni. Òkè gíga yí iyanrìn kékeré kan ká, kò sí ọ̀nà tí ẹsẹ̀ lè gbà débẹ̀, àfi ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí ìyá náà kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní kẹ́ ẹ mú nǹkan kan fi ṣe ìrántí, fọ́tò yẹn lẹ mú. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì wa ní Thamesmead. Ẹ ní lọ́jọ́ tí pépà ìgbélùú yín bá jáde, Ẹ̀pẹ́ lẹ ó kọ́kọ́ lọ, kẹ́ ẹ rí ìyá yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó lọ bọ́ sínú omi yẹn.

Mo máa ń rò ó nígbà náà pé kí ni obìnrin tó ń sáré láti ilé arúgbó kan dé òmíràn fẹ́ fi omi ṣe. Mo gbàgbé pé ọmọ ọ̀sà ni yín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí yín nínú omi, níbi ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà ní Woolwich. Ẹ fi ọ̀rá di irun yín, ẹ bẹ́ sínú omi lápá kan, ẹ pẹ́ nísàlẹ̀ débi pé ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ dìde dúró. Apá kejì lẹ ti yọ, tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ẹ ti mọ omi í wẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ ABD.

Ọdún kan lẹ́yìn tí a sin yín, Dàpọ̀ pè mí láti Birmingham. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì kó tó bi mí. Ó ní, “Jẹ́ ká lọ bá Mọ́mì wo ibẹ̀. Àwa méjì náà ló kù.” Mọ́mì, ohùn rẹ̀ tutù. Mo mọ ohun tí mo gbé sínú. Síbẹ̀ mo ní mo ti gbọ́.

Ọkọ̀ kékeré ló gbé àwa àti àwọn àlejò mélòó kan ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a débẹ̀. Bàbá arúgbó kan tí oòrùn ti sun lójú ló ń wà á. Dàpọ̀ di fọ́tò yín mú, fọ́tò ara fíríìjì yẹn. Nígbà tí ọkọ̀ yí igun òkè kan, etíkun náà ṣí sílẹ̀ níwájú wa. Òkè náà funfun bí ẹfun. Omi náà, mi ò mọ bí mo ṣe lè júwe rẹ̀ fún yín. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn da aró sínú wàrà. Àmọ́ okùn kan nà kọjá lójú omi, wọ́n so bọ́ọ̀lù pupa mọ́ ọn. Bàbá náà pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní òkè yẹn ti ń ya lulẹ̀, òkúta rẹ̀ lè pa èèyàn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gúnlẹ̀ síbẹ̀ mọ́. Ó ní ká máa ya fọ́tò.

Dàpọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. Ó ní, “Wò ó, a dé, a ò dé. Gbogbo èyí, lórí lẹ́tà kan.”

Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Ṣé o mọ ohun tó ń dà mí láàmú? Nígbà míì mo máa ń rò ó pé bóyá èmi ni mo gbé e lóòótọ́, tí mo gbàgbé. Torí Mọ́mì ò lè kàn máa bínú sí mi bẹ́ẹ̀ lásán.”

Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí n sọ ọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Ẹ ti lọ síbi iṣẹ́, Dàpọ̀ wà ní bálùwẹ̀. Lẹ́tà bọ́ sílẹ̀ láti ihò ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ Dàpọ̀ ni láti máa ṣa lẹ́tà sórí tábìlì, ṣùgbọ́n èmi ni mo mú tọjọ́ náà. Mo rí àmì ìjọba lára rẹ̀, mo ṣí i. Wọ́n ní kí ilé ìwé wa kọ̀wé pé èmi àti Dàpọ̀ ń wá déédéé, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á fi kún ọ̀rọ̀ pépà yín. Mi ò lọ déédéé, Mọ́mì. Ó ti tó oṣù kan tí mo ti ń wọ yúnífọ́ọ̀mù jáde nílé, tí mò ń lọ jókòó sílé ọ̀rẹ́ mi kan ní Woolwich Dockyard. Mo rò ó pé tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ ó pa mí. Mo ki lẹ́tà náà bọ báàgì, pé màá kọ́kọ́ wá ọgbọ́n dá. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Mo fà á ya, mo jù ú sínú adágún tó wà lẹ́yìn ilé wa.

Nígbà tí wọ́n kọ̀wé pé wọn ò fún yín ní pépà, torí pé ẹ ò fèsì, Dàpọ̀ lẹ pè. Ó búra. Ẹ ò gbà á gbọ́, torí ó ti parọ́ fún yín rí lórí fèrèsé tó fọ́. Lẹ́yìn náà lẹ yíjú sí mi, ẹ ní, “Ìwọ ńkọ́, ṣé o rí lẹ́tà kankan?” Mo ní rárá, mà.

Ọdún mẹ́jọ ló tún gbà. Inú ọdún mẹ́jọ yẹn ni Màmá Ẹ̀pẹ́ kú. Ẹ wo ìsìnkú ìyá yín lórí fóònù, ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ wé gèlè dúdú bí ẹni tó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, tí Dàpọ̀ bá kí yín, ẹ ń dá a lóhùn bí ẹni ń dá àlejò lóhùn. Ó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó kó ẹrù rẹ̀. Nígbà tí pépà fi máa dé, ẹsẹ̀ yín ti wú, dókítà ní ọkàn yín ò lè gba bàlúù.

Nínú ọkọ̀ yẹn, mo ní, “Dàpọ̀, èmi ni.”

“Ìwọ ni kí ni?”

“Èmi ni mo gbé lẹ́tà náà. Mo fà á ya.”

Mo ń retí kó gbá mi létí. Ó kàn ń wò mí. Ó ní, “Ṣé Mọ́mì mọ̀?”

“Rárá.”

“Wọ́n kú láìmọ̀?”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde lójijì, ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bàbá náà pariwo, obìnrin kan di apá Dàpọ̀ mú. Ó lọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó kọ̀yìn sí etíkun, ó sunkún bí ọmọdé lójú àwọn àlejò. Mi ò sún mọ́ ọn. Mi ò ya fọ́tò kankan.

Nígbà tí à ń bọ̀ nínú bàlúù, ó bá ẹlòmíràn pààrọ̀ ìjókòó. Níbi tí a ti ń dúró de ẹrù ní Gatwick ló tó sọ̀rọ̀.

“Lọ sọ fún Mọ́mì. Má sọ ọ́ nínú ọkàn rẹ. Fi ẹnu sọ ọ́.”

“Dàpọ̀, Mọ́mì ò lè gbọ́ mọ́.”

“Nígbà tí wọ́n lè gbọ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n gbọ́ tèmi?”

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Oṣù mẹ́ta nìyí. Tí mo bá pè é, ìyàwó rẹ̀ ló máa ń gbé e, á ní wọ́n wà dáadáa, á sì pa fóònù.

Ohun kan ṣì wà tó ń jẹ mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn yín lọ́sibítù, ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní kí n sọ fún Dàpọ̀ pé ẹ ti dárí jì í. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pè é, mo sọ fún un pé ẹ ti dárí ohun tí èmi ṣe jì í. Ó ní, “Ó dáa. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.” Mo padà wọlé, mo bá a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Irú ènìyàn wo ni mí, Mọ́mì?

Ká ní mo jẹ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣé ẹ ò ní nà mí, kó parí síbẹ̀? Àbí ẹ ti fura, tẹ́ ẹ kàn fẹ́ kí ọ̀kan nínú wa ṣì jẹ́ ọmọ dáadáa? Tẹ́ ẹ bá fura, kí ló dé tẹ́ ẹ fi jẹ́ kí Dàpọ̀ ru ú?

Mo ka ìwé yìí dé ibí yìí sókè níbi sàréè yín lọ́sàn-án yìí. Ọkùnrin kan tó ń pààrọ̀ òdòdó nítòsí gbójú sókè, ó tún yáa gbé e sísàlẹ̀. Mo gba ohùn mi sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Dàpọ̀. Mo rí i pé ó ti gbọ́ ọ. Kò fèsì, mi ò sì lẹ́nu láti ní kó fèsì.

Mọ́mì, Dàpọ̀ kọ́. Kò fìgbà kan jẹ́ Dàpọ̀. Ẹ gba ìdáríjì yẹn padà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ṣẹ̀ yín.

Èmi tí mo ṣẹ̀ yín, tí mo sì fẹ́ràn yín,
Ọmọ yín obìnrin