Ẹ̀bi Okùn Kúkúrú Nílé Ìtẹ̀wé

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù kẹta, ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ni mo ṣẹ̀ yín. Kí n tó dé orí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti sinmi díẹ̀? Mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Àlàáfíà ni a wà níhìn-ín.

Ẹ ó rántí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì nígbà náà, ìwé sì ń pa mí bí ọtí. Ẹ mú mi dání lọ sílé ìtẹ̀wé, láti gbé ẹ̀rọ wọn lé orí pèpéle sìmẹ́ńtì. Àjà ilé náà lọ sílẹ̀. Bí a bá lo okùn gígùn, ẹ̀rọ kò ní ga tó pèpéle. Ẹ ní kí a fi pákó ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí a máa yí i gòkè. Èmi ní a ó pẹ́ jù. Mo ní okùn kúkúrú méjì ni kí a ta láti orí ìkọ́ ṣéènì agbẹ́rù tó rọ̀ lájà sí igun méjèèjì ẹ̀rọ náà. Ẹ wò ó, ẹ ní, “Àbúrò, okùn yìí yasẹ̀ jù. Ó ń fa ara rẹ̀ ju bó ṣe ń gbé ẹrù lọ.” Mo rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n, okùn méjì ni, ìdajì-ìdajì ni wọ́n máa pín in. Àbí ta ló kàwé nínú wa?” Ẹ mi orí, ẹ sì so ó nítorí tèmi.

Okùn já. Ẹ̀rọ fọ́ yángá. Ọlọ́run ló yọ ẹsẹ̀ wa. Nígbà tí onílé ìtẹ̀wé béèrè ẹni tó so okùn, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ni.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ àbọ̀ burú ju irọ́ lọ. Ẹ wò mí, ẹ dákẹ́, kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi má baà bàjẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè yín ní Okùn-Já, tí kò sẹ́ni tó pè yín sídìí ẹ̀rọ mọ́, tí ọwọ́ tó mọ ìwọ̀n irin wá ń ru búlọ́ọ̀kù.

Lóṣù tó kọjá, mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ẹ̀kọ́ ipá. A fi òṣùwọ̀n onísípíríǹgì méjì gbé òkúta kílò kan. Nígbà tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ka ìdajì kílò. Bí a ṣe ń fà wọ́n jìnnà síra ni òǹkà ń gòkè, títí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ka kílò kan gbáko, tó sì tún kọjá bẹ́ẹ̀. Òkúta kò wúwo sí i. Àwọn òṣùwọ̀n ló ń fa ara wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìwọ̀nba ipá tó kọjú sókè nìkan ló ń gbé òkúta. Ọmọbìnrin kan ní, “Tíṣà, ẹni tó bá fi okùn báyìí gbé ẹrù ò gbọ́n o!” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n, ìwé kò parọ́. Èmi ni mi ò kà á dé ìdí. Ẹ foríjì mí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ jẹ èrè ọwọ́ yín, kí ọ̀la yín dùn ju àná lọ.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fi èjìká gbé,
Tíṣà.

Àfikún: Mi ò fẹ́ fi ẹnu lásán tọrọ àforíjì. Kí n tó lẹ àpòòwé yìí, mo lọ sílé ìtẹ̀wé láàárọ̀ òní. Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n pe gbogbo òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ń bá ni gbé ẹ̀rọ ládùúgbò jọ. Mo ní, “Èmi ni mo pàṣẹ okùn kúkúrú. Ẹ̀gbọ́n mi kìlọ̀ fún mi, mo kọ etí ikún.” Àgbà kan pòṣé: “O sì jẹ́ ká fi ọ̀gá oníṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́!” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sì tún un sọ, kíkankíkan, kí àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà lè gbọ́.