Bẹ́ẹ̀dì Ẹni Méjì Ni O

Bàbá Ìbejì, ìdáhùn ni mo jẹ yín, ẹ jẹ́ kí n san án kí n tó kí yín. Ẹ má tíì kan bẹ́ẹ̀dì kankan. Ẹ gbé ọ̀kan nínú pákó tí ẹ là lẹ́yìnkùlé sórí òṣùwọ̀n lónìí, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní Sátidé. Bó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, omi ṣì wà nínú rẹ̀, ó máa sán mọ́ wa lábẹ́.

Ẹ ní bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan ti tó, torí ẹ ò mọ ìgbà tí màá dé. Ṣé mo ní mi ò wálé mọ́ ni? Pákó tó fẹ̀ jù tí kò wọ́ ni kí ẹ ṣà. Bẹ́ẹ̀dì tèmi níbí dáa, ẹsẹ̀ mi nìkan ni kò gbà.

Ẹ kú ilé o. Ẹ kí àwọn ìbejì wa. Lọ́jọ́ Àìkú ni mò ń retí èsì.