Sàréè Tí N Kò Kọ Sílẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù Kejì, 2025

Lẹ́tà dé láti ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ti fọwọ́ sí ọ̀nà wa! Láti ìkóríta títí dé ibi tó ti já sí ọ̀nà Ìmùṣin. Wọn á fẹ̀ ẹ́, wọn á ṣe gọ́tà sí ọ̀tún àti òsì. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Alága mẹ́ta ti wá, wọ́n ti lọ, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi han ẹni tó wá ta búrẹ́dì.

Ọ̀rọ̀ kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìlà tí wọ́n kọ́kọ́ fà gba iwájú ilé tèmi, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ wú òkú. Bí ibojì bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan tí kò sì sí ní èkejì, wọn á yẹ ọ̀nà sí ibi tí kò sí. Bó bá wà ní méjèèjì, ìlà á dúró síbi tó wà. Kí akọ̀wé kọ iye ibojì tó wà lójú ọ̀nà wá, ó pẹ́ tán Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́rú, 12 oṣù Kejì

Mo mú ìwé àti bírò, mo rin òpópónà já. Ọ̀pọ̀ ilé ti ń gbé òkú wọn lọ sí ìtẹ́ láyé ìsinsìnyí, nítorí náà kò gba àkókò. Ẹ̀gbẹ́ tiwa: ọ̀kan. Bàbá mi, Timothy, 1984, táìlì funfun àti búlúù, àgbélébùú lórí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi ilé Àlájà Ràmọ́tà tó kọjú sí tiwa, àti àwọn ilé tó tẹ̀ lé e: kò sí.

Oòrùn mú. Mo tètè wọlé.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kejì

Mo ti fi àkọsílẹ̀ náà jíṣẹ́ ní káńsù.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù Kejì

Ẹ̀rín-Ìbò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Abdulhakeem, káńsẹ́lọ̀ wa, ni mo fún lórúkọ yẹn — ẹ̀rín tó fi ń wá ìbò lọ́dún tó kọjá kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ó jókòó títí a fi gba ọrẹ tán. Ó dìde, ó ní òun lòun bá wa jà fún ọ̀nà yìí. Lẹ́tà mi ńkọ́? Kò burú. Kí wọ́n ṣáà ti ṣe é.

Èrò tèmi, níwọ̀n bí kò ti sẹ́ni tó bi mí: a kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ìdàgbàsókè nílùú yìí. A ń kọ́ ilé ńláńlá tí a máa ń ṣí ní Iléyá nìkan, ṣùgbọ́n omi òjò kò ríbi gbà. Ọ̀pá iná onísóólà mẹ́fà ni wọ́n rì sí àdúgbò wa. Kò tó oṣù mẹ́rin tí gbogbo wọn kú. Àwòrán ẹni tó rì wọ́n ṣì wà lára wọn, ó ń dán. Ọ̀nà tí kò ní gọ́tà, òjò ọdún méjì á gbé e lọ. Ẹ kọ́kọ́ ṣe gọ́tà! Mo ti kọ ọ́ títí ó sú mi. Bí mo bá kú kí wọ́n kọ ọ́ sára ibojì mi.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù Kejì

Àwọn awọnlẹ̀ dé. Obìnrin ni ọ̀gá wọn, Ẹnjiníà Fatihah, ó dé akoto lé híjáàbù. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kó tó di ọ̀sán wọ́n ti fi ọ̀dà pupa fa àmì sára àwọn ilé ẹ̀gbẹ́ kejì. Ti Àlájà bọ́ sára ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ àti yàrá iwájú. Ẹ̀gbẹ́ tiwa, kò sí ẹyọ kan.

Àlájà jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kùn ún. Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù, torí mo mọ̀ ọ́n. Mo ṣì wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e wá fún Àbúdù níyàwó. Ó dàgbà jù mí lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé ó bá mi ládùúgbò, kò pe orúkọ mi, Walter, rí. Ìwé tí mo máa ń há sábẹ́ abíyá ló wò tó fi sọ mí ní Akọ̀wé. Bí eré bí eré, mo di akọ̀wé lóòótọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù Kejì

Matilda ọmọ mi pè láti Èkó. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní Ọlọ́run ló jà fún Bàbá Àgbà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé oúnjẹ padà sí ilé ìdáná láìfọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 oṣù Kejì

Ìpàdé àdúgbò. Èrò pọ̀ ju àga lọ. Ẹ̀rín-Ìbò wá, Ẹnjiníà náà wá.

Àlájà dìde. Ó ní sàréè Àbúdù ọkọ òun wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, láàárín ilẹ̀kùn àti gọ́tà àtijọ́. Wọn kò mọ nǹkan kan lé e lórí, nítorí pé ẹ̀sìn àwọn kò fẹ́ kí wọ́n kọ́lé lé òkú. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín-Ìbò ní láti ìgbà tí ọ̀dà ti kan ògiri ni gbogbo ilé ti ń bí òkú. Ìdílé mẹ́ta ti wá bá òun lọ́sẹ̀ yìí nìkan. Kí ẹnì kan tí kì í ṣe ara ilé náà, tó wà níbi ìsìnkú, wá jẹ́rìí. Àlájà ní áfà ti kú. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ ti kú. Ó wá jókòó. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Ẹnjiníà ní kí akọ̀wé ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ sétí gbogbo èèyàn. Mo dìde. Mo wọ awò ojú. Ẹ̀gbẹ́ kejì: kò sí.

Ohun tó wà nínú ìwé ni mo kà.

Ọjọ́rú, 26 oṣù Kejì

Ohun tó wà nínú ìwé. Ta ló kọ ìwé náà?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kẹta

Ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ lónìí. Mo rí Àlájà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kẹ́tùrù àlùwàlá. Mo kí i, ó dáhùn. Ó dáhùn dáadáa.

Jẹ́ kí n kọ òótọ́ síbí, níbi tẹ́nikẹ́ni kò ní kà á.

Ọdún 1998, oṣù Keje, òjò ń ṣẹ́ winniwinni. Àbúdù kú láàárọ̀, wọ́n sì ń sin ín kó tó di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Kánò. Ọwọ́ kò tó, mo bọ́ bàtà, mo bá wọn dúró sínú ẹrẹ̀. Èmi ni mo ń na pákó sí áfà nínú kòtò, tó ń tò ó bo òkú lọ́kọ̀ọ̀kan. Pákó mẹ́sàn-án. Èyí tó kẹ́yìn gùn jù, mo ní láti wá ayùn gé e. Wọ́n da yẹ̀pẹ̀ padà, wọ́n tẹ́ ẹ. Nígbà tí ọdún fi yípo, ilẹ̀ ibẹ̀ ti dọ́gba bí ilẹ̀ yòókù.

N kò gbàgbé. Lọ́jọ́ tí mo ń ka ibojì, mo dé ibẹ̀, mo sì mọ ibi tí mo dé. Mo tún mọ̀ pé bí mo bá kọ "ọ̀kan" sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, ìlà á dúró lórí Bàbá mi. Mo sọ fún ara mi pé ibojì ni wọ́n ní kí n kà, pé èyí tójú kò rí kì í ṣe ibojì. Irọ́ ni mo pa. Èmi tí mo ti ń bú àwọn olóṣèlú láti ọdún mọ́kànlá. Ojú ń tì mí.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Mo lọ bá Ẹ̀rín-Ìbò nílé rẹ̀. Mo rò ó fún un láìfi nǹkan pamọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n wú bàbá yín ni?" Ó ní iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó dé, bí a bá tún ìlà fà, owó náà lè gba àdúgbò mìíràn lọ. Kí n lọ sinmi. Ó sìn mí dé ẹnu géètì, ó tún di ọwọ́ mi mú bí ẹni pé mo ń ṣàìsàn.

Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ nípa owó náà. Ọdún mọ́kànlá!

Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹta

Ọjọ́rú Eléérú. Àlùfáà fi eérú sí mi níwájú orí. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kí Àlájà má bàa rí mi.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kẹta

Mo ti ṣe é.

Mo bá Ẹnjiníà Fatihah ní ọ́fíìsì wọn ní aago mẹ́sàn-án. Mo fún un ní àkọsílẹ̀ tuntun, mo fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbẹ́ tiwa: ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ kejì: ọ̀kan. Ó kà á, ó bi mí bóyá mo mọ ibi tí ìlà á gbà. Mo ní mo mọ̀. Ó ní ta ni ẹlẹ́rìí. Mo ní èmi. Ó ní òun kò tíì rí ẹni tó parọ́ kí wọ́n lè wó ilé ara rẹ̀.

A jọ wá. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Àlájà, mo na ọwọ́: orí rẹ̀ nìyí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyí. Wọ́n kan èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀, wọ́n ta okùn yí i ká. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Àlájà ti lọ sí Ìmùṣin lọ kí àbúrò rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù Kẹta

Ọ̀dà pupa wà lára ògiri mi. Fàráńdà á lọ. Ibojì á lọ. Owó ọ̀nà kò tíì gba ibì kankan lọ.

Matilda sunkún lórí fóònù. Ó ní ta ló ní kí n fi ibojì Bàbá Àgbà ṣe olóòótọ́. Mo ní bàbá mi ni, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Ó ní ohun tí òun ń bá mi sọ gan-an nìyẹn. Ó pa fóònù. N kò dá a lẹ́bi.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù Kẹta

Àlájà wá lọ́sàn-án. Kò jókòó. Ó dúró níbi ibojì Bàbá, ó fi gèlè rẹ̀ nu eruku lójú orúkọ náà.

Mo ní mo tọrọ àforíjì. Ó ní kí n má wulẹ̀ rojọ́. Òun wà lójú fèrèsé lọ́jọ́ tí mo ń kà. Òun rí mi tí mo ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé. Nígbà tí mo dé ibi tí Àbúdù wà, mo yà, mo gba ẹ̀gbẹ́, mo rìn yí i ká. "Akọ̀wé, ẹnikẹ́ni kì í yà fún ilẹ̀ lásán."

 Mo ní kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ nípàdé? Ó ní bí òun bá sọ ọ́, òun lòun fà á yọ lẹ́nu mi. Òun fẹ́ kó ti ọ̀dọ̀ mi wá. Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn lòun fi ń dúró.

Mo bi í bóyá ó ṣì ń bínú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun ń gbàdúrà lé e lórí nínú ààwẹ̀ yìí, kò tíì tán.

Ó wá béèrè ibi tí a máa gbé Bàbá sí. Mo ní ẹ̀yìnkùlé, níbi igi àgbálùmọ̀, ní Ọjọ́bọ̀, kí katapílà tó dé. Ó bi mí bóyá mo ti ní pákó tí wọ́n máa tò bò ó. Mo ní káfíńtà ń gé e lọ́wọ́.

Ó ní tó bá di ọjọ́ náà, kí n má gbà kí ẹlòmíràn na pákó náà sí àwọn tó wà nínú kòtò. Kí n pe òun.