Aṣọ Tí Ó Yọ́ Sínú Ọpọ́n

Barley Fold, ní Lancashire,
Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta, 1873.

Tabitha, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ikọ́ yẹn ti fi ọ́ sílẹ̀? Olúwa kò ní gbójú kúrò lára rẹ láàárín ariwo ẹ̀rọ àti èéfín Blackburn. Àwa náà wà láàyè. Bàbá rẹ wà níbi iṣẹ́ òkúta, Bàbá àgbà ṣì ń kùn pé tíì mi kò dùn, Silas àbúrò rẹ ti hu eyín kejì, ó sì ti fi gé mi jẹ. Jọ̀wọ́ jókòó kí o tó ka ìyókù.

Ọ̀rọ̀ aṣọ funfun tí o fi ránṣẹ́ ni, àgékù tí wọ́n tà fún ọ ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ yín pé kí n fi rán ẹ̀wù ìsàmì Silas. Nígbà tí mo gbé e lọ́wọ́, ó wúwo, ó nípọn, ó ń dán, mo ní ọmọ mi mà ti di ẹni ńlá. Mo rí àwòrán erin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, mo rántí pé Íńdíà ni wọ́n ń kó aṣọ yín lọ tà, mo rò pé àwọn erin ibẹ̀ ni ẹ ń hun ún fún, pé bóyá ìdí nìyẹn tó fi nípọn bẹ́ẹ̀. Margery aládùúgbò wa fọwọ́ pa á, ó ní Keziah, ìwọ nìkan lo bímọ láyé yìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ní kí n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kí n tó gé e, torí bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn nígbà tí Bàbá àgbà ṣì ń hun aṣọ lórí òfì wọn, kí ó lè súnkì kí ó tó di ẹ̀wù. Mo rì í bọ omi gbígbóná, mo yíjú kí n gba ṣíbí lọ́wọ́ Silas, kí n tó yíjú padà omi ti funfun bíi wàrà. Mo ní ọṣẹ ni. Mo dà á nù, mo bu òmíràn, ó tún funfun. Nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ ọpọ́n, amọ̀ ni mo bá níbẹ̀, amọ̀ funfun bí ẹfun, pẹ̀lú ìyẹ̀fun tó ti di kókó àti nǹkan kan tó ń yọ̀ bí ọ̀rá. Aṣọ tí mo fà jáde kò yàtọ̀ sí àwọ̀n. Mo nà án sójú fèrèsé, mo ń wo àwọn àgùntàn orí òkè láti inú rẹ̀, mo sì lè kà wọ́n. Igbe tí mo ké mú kí Margery sáré wọlé láìwọ bàtà, ó rò pé ọmọ ti já sómi gbígbóná.

Èrò mi ni pé olè wà ní ilé-iṣẹ́ yín. Mo ní ẹnìkan ń jí òwú ọ̀gá yín, ó ń fi amọ̀ dí i kí ìwọ̀n má baà dín, àti pé bí àṣírí bá tú, ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ń hun ún ni wọ́n máa mú. Ni mo bá mú bébà tó dára jù nílé, mo kọ̀wé sí ọ̀gá yín, Ọ̀gbẹ́ni Skelhorn fúnra wọn. Mo ní kí wọ́n ṣọ́ra, pé wọ́n ń jà wọ́n lólè. Mo bu díẹ̀ nínú amọ̀ náà sínú ìwé náà kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Mo tún ní bí wọn kò bá gbà mí gbọ́, kí wọ́n pe ọmọ mi Tabitha Rigby, tó wà nídìí ẹ̀rọ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, òun ló fi aṣọ náà ránṣẹ́. Àárọ̀ yìí ni mo fi lé afìwéránṣẹ́ lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé mo ti gbà ọ́ là.

Nígbà tí mo sọ fún Bàbá àgbà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí tíì fi gba imú wọn jáde. Wọ́n ní Keziah, o mà gọ̀ o, ta lo rò pé ó ń ra amọ̀ ọ̀hún? Wọ́n ní Skelhorn fúnra rẹ̀ ni, pé rélùwéè ló ń kó o wá fún un láti gúúsù, àpò lórí àpò, torí amọ̀ pọ̀, òwú wọ́n, ìwọ̀n ni wọ́n sì fi ń ta aṣọ. Mo ní irọ́ ni. Wọ́n ní kí n lọ bi ẹni tó bá wù mí. Mo ní àwọn tó ń rà á ní Íńdíà ńkọ́, ṣé wọn kì í fọṣọ ni? Ẹ̀rín dá lẹ́nu wọn. Wọ́n ní wọ́n ń fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, owó wọn ti dé Blackburn. Wọ́n ní irú aṣọ yìí ló pa òfì tàwọn, òun náà ló pa òfì àwọn ará ibẹ̀.

Tabitha, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí. Ìyá kan wà ní Íńdíà lónìí tó dúró ti ọpọ́n bíi tèmi, tó ń rò pé ọwọ́ òun ló ba aṣọ ọmọ òun jẹ́.

Margery yóò wọ rélùwéè àkọ́kọ́ lọ́la, òun ló máa fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́. Ìwé tó ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá yín kò ní dé kó tó di ọ̀sán. Mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́ síbí pé kí o sáré bẹ aṣọ́nà ilé-iṣẹ́ yín kó gba ìwé náà pamọ́ fún ọ, lẹ́yìn náà ni mo pa ohun tí mo kọ rẹ́. Òun ni ojú yíǹkì tí o rí yẹn. Bí o bá fẹ́, lọ gbà á, ìwọ lo ni iṣẹ́ rẹ, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n bí ìwé náà bá ti tẹ Skelhorn lọ́wọ́, tó sì pè ọ́, má sọ pé orí ìyá rẹ dàrú, má sì bẹ̀bẹ̀. Sọ pé ìyá rẹ fọ aṣọ náà ni.

Ọjọ́ Àjíǹde ni ìsàmì. Bí iṣẹ́ bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, jọ̀wọ́ fi ṣílè méjì ránṣẹ́ kí n ra aṣọ gidi. Bí wọ́n bá ti lé ọ, má fi nǹkankan ránṣẹ́, gbé àpótí rẹ máa bọ̀ nílé, a ó fi aṣọ orí tábìlì wé Silas.

Kí Ọlọ́run tí kò sí àbùlà nínú òṣùwọ̀n rẹ̀ máa ṣọ́ ọ.

Èmi ni ìyá rẹ tí àyà rẹ̀ ń já,
Keziah Rigby