Ìdí Ọkọ̀ Ni Mo Dì Mú

Bàámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le. Èjìká yẹn náà ti ń gbọ́ oògùn, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ẹ ní ẹ wá mi títí nínú fọ́tò ìdíje wíwa ọkọ̀ ojú omi, ẹ ò rí mi. Mo wà níbẹ̀ o! Ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ pupa: èmi ni mo dọ̀bálẹ̀ sórí pákó tó léfòó lójú omi bí ẹni ń kí àna, tí mo di ìdí ọkọ̀ mú kó má baà kọjá ìlà kí fèrè tó dún.

Ọkọ̀ mi náà ni. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi kan ṣì máa lò ó. Mo kìlọ̀ fún un pé kó ti ri àjẹ̀ bọ omi sílẹ̀, kó fi agbára ẹsẹ̀ àti ìbàdí ṣí ọkọ̀ nílẹ̀, kó má gbé gbogbo ẹ̀ lé èjìká bíi tèmi. Fèrè dún, mo tú ọwọ́ sílẹ̀. Ó lọ fìrì! Omi ta sí mi lójú, ó kúkú bọ́ sákòókò: kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ omijé níbẹ̀.

Ẹ bá mi kí Màámi. Bí àwọn ará ilé bá béèrè mi, ẹ ní mo ṣì máa ń wà lójú ìlà ní gbogbo ìdíje. Irọ́ kọ́.